Òpó ìdènà ọkọ̀ níwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń rì í ní Abẹ́òkúta

Òpó mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo rì mọ́lẹ̀ láyé mi, iwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ni. Páìpù íǹṣì méjì ni mo lò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà máa ń so pọ̀ gùn bí wọ́n bá ń rẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni mo gbẹ́. Mo da kọnkéré sídìí wọn, mo kùn wọ́n ní yẹ́lò àti dúdú, wọ́n sì ń dán yinrinyinrin. Oṣù mẹ́rin ò pé tí obìnrin kan tó fẹ́ páàkì fi tẹ tọ́tù, òun rò pé bíréèkì lòun ń tẹ̀. Òpó kan tẹ̀ láàárín. Èkejì ò tẹ̀ rárá, gbogbo ìdí ẹ̀ ló hú jáde tòun ti kọnkéré tí mo dà sí i, bí ẹni hú iṣu. Mọ́tò wọlé, ó dúró sí ìdí káńtà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti jáde lọ wá ṣéńjì.

Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí wá rì òpó, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo irin.

Òpó tí mò ń wí ni irin, kọnkéré tàbí òkúta tí a rì mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má lè kọjá níbì kan, ṣùgbọ́n kí èèyàn lè gbabẹ̀ kọjá. Bollard ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Èbúté ló ti ṣẹ̀ wá: irú òpó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so okùn ọkọ̀ ojú omi mọ́, wọ́n ṣì ń so ó mọ́ ọn dòní.

Kí lẹ fẹ́ dá dúró?

Oníbàárà mẹ́ta lè pè mí lọ́sẹ̀ kan, kí gbogbo wọn ní "ẹ wá bá mi rì òpó", kí ọ̀rọ̀ wọn má sì jọra rárá.

Àkọ́kọ́, Àlàájà aládìrẹ ní Ìtòkú. "Wọ́n ń gbé mọ́tò síwájú ìsọ̀ mi látàárọ̀ dalẹ́, oníbàárà ò rọ́nà wọlé." Ohun tí Àlàájà fẹ́ ò ju ààlà lọ. Kò sẹ́ni tó ń sáré bọ̀ wá kọ lu ìsọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti rí òpó máa yà lọ. Páìpù íǹṣì mẹ́ta tó fún irú èyí, kí ọ̀kan nínú wọn sì ṣeé yọ, kó ní àgádágodo, kí àwọn náà lè rọ́nà já ẹrù.

Ìkejì, onílé kan ní Ọbáńtokò. Mítà iná, jẹnẹrétọ̀ àti tánkì omi wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, gbogbo ayálégbé ló sì ń fi rìfáàsì jáde. Eré ibẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan máa gbá nǹkan. Ìdáàbòbò gidi nìyẹn: páìpù íǹṣì mẹ́rin, kí a rọ kọnkéré kún inú rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì jinlẹ̀. Kí òpó sì jìnnà sí mítà tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, torí òpó tó bá gba ìkọlù máa ń tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá fara kan mítà, òpó fúnra rẹ̀ ló máa fọ́ mítà fún yín.

Ìkẹta ló ṣòro. Ẹ̀gbọ́n kan nílé sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lápá Làfẹ́nwá, ojú ọ̀nà tí típà àti tírélà ń gbà. Òpó mẹ́ta ni wọ́n ní kí n wá rì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òpó mẹ́ta yìí ò ní dá típà tí bíréèkì ẹ̀ já dúró." Inú wọn ò dùn, wọ́n rò pé mo fẹ́ gbówó lé e ni. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò tí mo ṣe fún wọn. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi máa gbá òpó á di ìlọ́po mẹ́rin. Camry kan wúwo tó nǹkan bíi kìlò 1,500. Bó bá ń bọ̀ ní eré kìlómítà 40 ní wákàtí, ìlọ́po mẹ́rin agbára tó ní nígbà tó ń sá 20 ló gbé dání. Típà tó ru òkúta, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, lórí eré 40 kan náà, ogún Camry ló so pọ̀ bọ̀. Ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni kí ògiri sún sẹ́yìn, kí òkìtì ilẹ̀ tàbí ògiri kọnkéré tó nípọn wà níwájú rẹ̀, kí yàrá tí wọ́n ń sùn má sì kọjú sí títì. Òpó á wá tẹ̀lé e.

Bí ibi tí ẹ fẹ́ dáàbò bò bá jẹ́ báńkì tàbí ilé tí ewu rẹ̀ pọ̀, ẹ ra èyí tó ní ìwé-ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ASTM F3016 wà fún iwájú ṣọ́ọ̀bù: ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi kìlò 2,270 ni wọ́n fi ń gbá òpó ní eré kìlómítà 16, 32 tàbí 48. ASTM F2656 ni ti ọkọ̀ ńlá. Bí ẹ bá rí M30 lára òpó, ọkọ̀ kìlò 6,800 ló kọ lù ú ní eré kìlómítà 48, M50 sì jẹ́ ọkọ̀ kan náà ní eré 80. Òpó pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ni wọ́n jọ dán wò o. Ẹni tó bá ra òpó M50 tó wá rì í sínú ihò ẹsẹ̀ bàtà kan, owó ló rì. Èyí tí wẹ́dà àdúgbò bá gé fún yín ò ní nọ́ńbà kankan, tèmi náà ò ní. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé tòun ní, ẹ ní kó mú ìwé rẹ̀ wá.

Irú èwo?

Èyí tí kò ṣeé yọ ló lágbára jù, òun ló sì dín wàhálà kù. Ẹ lo èyí tó ṣeé yọ níbi tí ọkọ̀ ní láti gbà wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ní ọgbà ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ panápaná. Bí àwọn òpó tó ṣeé yọ bá kúrò, kí àyè tó kù fẹ̀ tó mítà 3.7, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Mo ti rí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, tí ọ̀gá sì wà ní Èkó.

Àwọn èyí tí ẹ̀rọ ń gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ dára lójú, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni tó lówó jà. Àmọ́ inú kòtò ni wọ́n ń sùn. Bí òjò wa bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, kòtò yẹn á kún bí kò bá ní ibi tí omi ń gbà lọ. Bí iná bá sì lọ nígbà tó wà lókè, ẹ lè má rọ́nà jáde. Bí ẹ ò bá ní gọ́tà tó ń fa omi lábẹ́ rẹ̀ àti bátìrì tó ń gbé e nígbà tí kò síná, ẹ fi í sílẹ̀.

Òpó tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ojú sìmẹ́ǹtì, ti páàkì ni, kì í ṣe ti ìdáàbòbò. Bí kọnkéré ilẹ̀ ò bá nípọn ju íǹṣì mẹ́rin lọ, ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ á fà á tu tòun ti bóòtù. Òpó rọ́bà wà fún pípín ojú ọ̀nà; bí táyà bá tẹ̀ ẹ́, á tún dìde. Táyà tí wọ́n rọ kọnkéré sí, tí wọ́n sì rì irin sí àárín rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n; àga lásán ni, kò dá nǹkan dúró. Àwọn kan máa ń ki rọ́ọ̀dù bọ inú páìpù rọ́bà íǹṣì mẹ́fà, wọ́n á rọ kọnkéré kún un. Kò wọ́n, ó rẹwà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gbá a, ó lè fọ́ tàbí kó ya níbi tó ti wọ ilẹ̀.

Òkúta ńkọ́? Ìlú wa kúkú wà lábẹ́ òkúta, kí ló dé tí a ò ní lò ó? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju irin lọ níbi tí àyè bá wà. Òkúta tó rí roboto, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, wúwo tó nǹkan bíi kìlò 300. Èyí tó fẹ̀ tó mítà kan kọjá tọ́ọ̀nù kan. Kì í dípẹtà, àwọn tó ń jí irin tà ò sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ rì ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sínú ilẹ̀. Òkúta tí wọ́n kàn gbé jókòó sórí ilẹ̀ lè yí bí ọkọ̀ bá gbá a, òun fúnra rẹ̀ á wá di ohun tó ń wólé.

Àlàfo àti gíga

Ibí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ṣìṣe, torí wọ́n ń wọn àárín òpó dé àárín òpó. Àyè tó ṣófo láàárín wọn ni kí ẹ wọ̀n, láti ara dé ara.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni mo máa ń lò, ìyẹn mítà 1.2. Ìdí rẹ̀ rèé: kò sí káà tó lè gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.3, òun náà ò lè gbà. Ẹni tó ru igbá lórí, ẹni tó ń ti bárò, ìyá tó pọnmọ tó sì fa òmíràn lọ́wọ́, gbogbo wọn á kọjá. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara nílò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán, òun náà á kọjá. Ọ̀kadà á kọjá o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun lè rì òpó tó máa dá ọ̀kadà dúró tí kò ní dá arọ dúró. Fífẹ̀ àwọn méjèèjì ò jìnnà síra. Bí ọ̀kadà bá ni ìyọnu yín, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe sí i.

Lórí ilẹ̀, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Kékeré tó mọ níwọ̀n orúnkún ni mo kórìíra jù: ẹni tó wà nínú jíìpù ò rí i nígbà tó bá sún mọ́ ọn, àgbàlagbà sì lè kọsẹ̀ lára rẹ̀ lálẹ́. Ní páàkì, bó bá jẹ́ pé kí táyà má ṣáà gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ fẹ́, kọnkéré gbọọrọ tó ga tó íǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún níwájú táyà ti tó, kò pọn dandan kí ẹ rì òpó rárá.

Rírà irin

Ẹ gbé tépù dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ojú ibi tí wọ́n ti gé páìpù hàn yín. Ohun tó ń gbé òpó ró ni bí ara irin ṣe nípọn. Páìpù íǹṣì mẹ́rin gidi, nípọn tó mìlímítà mẹ́fà. Èyí tó pọ̀ lọ́jà ò tó ìdajì ìyẹn, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa bò ó kí ó lè rí bí ọmọlúàbí. Bí ẹ bá gbé e tí ó fúyẹ́, ẹ dá a padà.

Páìpù odindi gùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún: mẹ́ta lókè, méjì nílẹ̀. Ìyẹn ni ti mítà àti jẹnẹrétọ̀. Fún iwájú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì tí eré ti ń pọ̀, ẹ ra íǹṣì mẹ́fà, kí ẹ gé e sí mẹ́ta dípò mẹ́rin, kí ìdajì rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Kí wẹ́dà tó fún yín, ẹ ní kó jó rọ́ọ̀dù méjì kọjá ní ìdí páìpù, bí àgbélébùú. Rọ́ọ̀dù yẹn ni kò ní jẹ́ kí páìpù yí tàbí kí ó yọ lẹ́nu kọnkéré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà yí páìpù ká níbi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìdí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ojú ilẹ̀ gan-an ni ìlà yẹn gbọ́dọ̀ wà. Mo ń sọ èyí torí àwọn òṣìṣẹ́ kan, bí dígà bá kan òkúta, wọ́n á kàn fi irin gé ìdí páìpù kúrò, òpó á sì dọ́gba lójú ọ̀gá. Ìlà náà ni ẹlẹ́rìí yín.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó fi dígà kan ilẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ibi tí páìpù omi gbà, kí ẹ bi IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, bí wáyà wọn bá gba abẹ́ ibẹ̀. Iwájú ilé yín kì í ṣe ti yín títí dé títì; bí òpó bá máa bọ́ sí etí ọ̀nà ìjọba, ẹ lọ gba àṣẹ lọ́fíìsì ètò ìkọ́lé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á wá hú u, ẹ ò sì ní rí ẹni bá wí. Ẹ má rì òpó sórí kọnkéré ojú gọ́tà. Bí íńtálọ́ọ̀kì bá wà níbẹ̀, ẹ ká a kúrò kí ẹ tó gbẹ́. Iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ò lè gbé nǹkan kan ró.

Ihò tí mò ń fẹ́ fún páìpù íǹṣì mẹ́rin: ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú àti lóròó, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́rin. Íǹṣì mẹ́rin ìsàlẹ̀ yẹn, òkúta wẹ́wẹ́ la máa dà sí i. Kí ìsàlẹ̀ ihò fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀, bí ìkòkò. Létí odò bíi Sókòrì, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ẹ gbẹ́ ẹ kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí páìpù náà sì gùn sí i.

Ó rọrùn láti sọ. Lọ́jọ́ tí à ń ṣiṣẹ́ ní Ìbarà, ihò àkọ́kọ́ ò tíì dé orúnkún tí dígà fi dún "kàn!", iná sì ta níbẹ̀. Bàbá tó ń gbẹ́ ẹ fi aṣọ nu ojú. "Ọ̀gá, ibi tí Ọlọ́run parí ẹ̀ sí nìyí." Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé dígà sílẹ̀ ná, ẹ bá wa mú irin gígùn wá." A ki irin sí etí òkúta náà, a gbé e. Kò mira. A gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i, òkúta yẹn ń bá ibẹ̀ lọ ni. Bí ó bá mira, òkúta lásán ni, ẹ hú u dànù. Bí kò bá mira, àpáta ni, ọ̀nà mẹ́ta ló sì kù.

Ẹ lè sún òpó. Kò sí òfin tó ní kí òpó dọ́gba bí ehín òòyà. Bí àlàfo ò bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ẹ sún un sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Bí àpáta bá wà níbi gbogbo, ẹ fi í ṣe ìdí. Ẹ gba ẹ̀rọ tó ń lu òkúta, kí ẹ lu ihò mẹ́rin sínú rẹ̀ níbi tí òpó máa dúró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde dáadáa; eruku ni kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ àpáta. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ẹ̀pọ́sì ki rọ́ọ̀dù mìlímítà 16 bọ̀ ọ́, kí ẹ jó orí àwọn rọ́ọ̀dù náà mọ́ ìdí páìpù, kí ẹ tó wá rọ kọnkéré yí gbogbo rẹ̀ ká. Òpó tí a dè mọ́ àpáta báyìí lágbára ju èyí tó wà nínú ilẹ̀ pupa lọ. Bàbá yẹn fi ẹsẹ̀ ta á lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà kẹta: bí ìdí ò bá lè jìn, kó fẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo fún òpó mẹ́ta, kó gùn tó mítà mẹ́ta, kó fẹ̀ tó mítà kan, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀dù sí i bí àwọ̀n, kí ẹ jó ìdí àwọn òpó mọ́ irin kan náà lábẹ́. Kọnkéré yẹn nìkan á wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, ọkọ̀ tó bá kọ lu òpó kan ní láti gbé gbogbo rẹ̀ kí ó tó kọjá.

Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n sun táyà lórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó lè sán, bí àwọn tó ń fọ́ òkúta ṣe ń ṣe nínú oko òkúta. Níwájú ilé tí páìpù rọ́bà àti wáyà wà, ìjàǹbá ni.

Rírọ kọnkéré

Ìwọ̀n kan sìmẹ́ǹtì, méjì iyanrìn, mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́, páànù kan náà ni kí wọ́n sì fi wọn gbogbo rẹ̀. Fún ihò tí mo júwe lókè, báàgì kìlò 50 kan tó òpó kan, tòun ti èyí tó máa wọ inú páìpù. Ẹ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ nídìí omi. Kọnkéré tó ń ṣàn bí ọbẹ̀ rọrùn láti dà, bó bá gbẹ tán, ẹ ó rí i pé kò lágbára. Ẹ fi rọ́ọ̀dù gún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè jáde, nínú páìpù náà pẹ̀lú. Ẹ fi tùǹbí, ìyẹn okùn tí wọ́n so irin mọ́ lẹ́nu, wo bóyá ó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì fi igi tì í lápá méjì. Lórí òpó, ẹ fi kọnkéré ṣe orí roboto kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò. Nídìí rẹ̀, kí kọnkéré gbé sókè díẹ̀ lára irin, kó dà sẹ́yìn.

Ẹ máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò sún mọ́ ọn títí ọ̀sẹ̀ yẹn á fi pé. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n la máa ń ka agbára rẹ̀ sí pípé.

Kí ẹ tó rì páìpù ni kí ẹ ti kun ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà. Níbi tí irin ti wọ ilẹ̀, íǹṣì mẹ́fà lókè àti mẹ́fà nísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀dà dúdú ojú títì kùn ún nípọn. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí omi ń dúró síbẹ̀, àti torí pé àwọn ọkùnrin ìlú yìí ò lè rí òpó kí wọ́n má tọ̀ sí i. Ẹ kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sára ògiri bó bá wù yín. Èmi ti kọ ọ́, ara lẹ́tà náà gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí.

Ẹ lẹ tépù tó ń kọ mànà mọ́ ọrùn òpó, kí iná mọ́tò lè rí i lálẹ́ tí kò bá síná. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí kọnkéré ti sán yí òpó ká, tàbí tí òpó ń mì, ọkọ̀ kan ti gbá a tí kò sọ fún yín. Ẹ má kàn fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ibi tó sán. Ẹ hú u, kí ẹ tún un rì láti ìdí.